Àpótí Ẹlẹ́sẹ̀ Mẹ́ta

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú yín ni ó ń rò pé ẹni tí ìwé kò yé ni a ń rán lọ kọ́ṣẹ́. Àwa pẹ̀lú rò bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí àwọn òbí wa fà wá lé ọ̀gá káfíńtà kan lọ́wọ́ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1994, ojú ń tì wá láti pàdé àwọn ẹgbẹ́ wa tí ń lọ sí ilé-ìwé. Àwa mẹ́rin ni, a kò sì mọ̀ ju kí a fi òòlù lu ìṣó lọ.

Ọdún mẹ́rin ni àdéhùn wa. Ní ọdún kìíní, a kò kan ohunkóhun. A ń gbálẹ̀, a ń ru pákó, a ń pọn irin, a sì ń wo ọwọ́ ọ̀gá. A rò pé ó ń fi wá ṣe ẹrú ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ayùn yóò fi kan ọwọ́ wa, ojú wa ti mọ ìyàtọ̀ láàrin ìrókò àti arère, etí wa sì ti mọ ìró ayùn tí ó kúnu. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà.

Ní ọdún 1998, nígbà tí ó ku oṣù díẹ̀ kí a gba òmìnira, ẹgbẹ́ àwọn káfíńtà àdúgbò wa ṣe ìdíje fún àwọn ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́. Àwòrán kan náà, irú pákó kan náà àti wákàtí mẹ́fà ni a fún olúkúlùkù, kí ó kan àpótí ìjókòó láìlo ìṣó, kí ahọ́n igi kan wọ inú ihò igi kejì, kí ó sì há. Irin iṣẹ́ ni ẹ̀bùn ẹni tí ó bá gba ipò kìíní. Kò sí ẹni tí ó ní owó irin iṣẹ́ nínú wa. Láìsí i, kí ni a ó fi òmìnira ṣe?

Àwa mẹ́ta fi ìkánjú gbẹ́ ihò tóbi ju bí ó ti yẹ lọ. A po ìyẹ̀fun igi mọ́ gọ́ọ̀mù, a fi dí àlàfo náà, a sì dán an títí ó fi ń kọ mọ̀nà. Ẹnìkẹrin wa kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ju ẹsẹ̀ àpótí tí ó bàjẹ́ sí apá kan, ó bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Nígbà tí agogo lù, ẹsẹ̀ mẹ́ta péré ni àpótí rẹ̀ ní. A fi í rẹ́rìn-ín.

Àgbà kan nínú àwọn adájọ́ kò wo dídán rárá. Ó fi ẹnu ọ̀bẹ kékeré yí oríkèé igi ká, ìyẹ̀fun igi sì bẹ̀rẹ̀ sí í dà sílẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Ọ̀gá wa kò bá wa wí níbẹ̀. Nígbà tí a délé ni ó wí pé, “Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹni tí yóò jókòó lórí rẹ̀ ni adájọ́.”

Ẹnìkẹrin wa kò gba ẹ̀bùn. Ṣùgbọ́n agbaṣẹ́ṣe kan tí ó wá wòran gbé àpótí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà, ó mì í tìtì, oríkèé rẹ̀ kò yẹ̀. Ó béèrè pé, “Ta ni ọ̀gá ọmọ yìí?” Nígbà tí a gba òmìnira tán, ó gbé iṣẹ́ bẹ́ńṣì 20 ti ilé-ìwé kan fún un, ó sì san àsansílẹ̀ tí ó fi ra irin iṣẹ́. Òun ni ó pe àwa mẹ́ta wá ràn án lọ́wọ́, a sì wá, pẹ̀lú ìtìjú àti ọpẹ́.

Ìdíje irú èyí kò pin sí ọ̀dọ̀ wa. Ní ọdún 1950, ọ̀dọ́ 24 láti ilẹ̀ Sípéènì àti ilẹ̀ Potogí pàdé ní Madrid láti fi iṣẹ́ ọwọ́ díje. Láti ibẹ̀ ni èyí tí a ń pè ní WorldSkills ti dìde. Nígbà tí ó wáyé ní Lyon, ní ilẹ̀ Faransé, ní ọdún 2024, àwọn tí ó díje ju 1,000 lọ: káfíńtà, bíríkìlà, ajórin-mọ́rin, aṣerunlóge, aṣebúrẹ́dì.

Nítorí náà, ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ yín kan bá ń kọ́ṣẹ́, ẹ jẹ́ kí ó parí ọdún rẹ̀ lọ́dọ̀ ọ̀gá, kí ẹ sì rán an lọ sí ìdíje. Bí ó bá padà dé, ẹ má ṣe tètè bi í léèrè ipò tí ó gbà. Ẹ bi í pé: ta ni ó rí iṣẹ́ rẹ, kí ni ó sì rí nínú oríkèé rẹ̀?