Títún Ẹ́ńjìnnì Ṣe Tàbí Pípààrọ̀ Rẹ̀

Ìwọ òǹkàwé mi, bí ohun ìní kan bá gbó, ọ̀nà méjì ni ó wà níwájú ẹni tí ó ni ín: kí ó tún un ṣe, tàbí kí ó pààrọ̀ rẹ̀. Ọ̀nà kẹta kan tún wà, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀nà ọmọlúwàbí. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ kan ni n ó fi ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ.

Bàbá kan wà ní Ìta Fàájì, ní Erékùṣù Èkó, tí ó ní ọkọ̀ Volkswagen tí a ń pè ní ìjàpá. Ọdún 1975 ni ilé-iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí to irú ọkọ̀ yìí pọ̀ ní Èkó. Ọdún 2003 ni wọ́n sì ṣe èyí tí ó kẹ́yìn gbogbo wọn ní ilẹ̀ Mẹ́síkò. Nígbà tí ọkọ̀ bàbá yìí bẹ̀rẹ̀ sí tú èéfín aláwọ̀ aró, tí ó sì ń mu ọ́ìlì bí ẹni tí òǹgbẹ ń gbẹ, mẹkáníìkì sọ fún un pé ríìngì ara pístìn ti jẹ tán.

Bí ó bá ní kí wọ́n tún ẹ́ńjìnnì náà ṣe, wọn yóò tú u palẹ̀, wọn yóò wọn irin kọ̀ọ̀kan, wọn yóò sì fi tuntun rọ́pò èyí tí ó ti jẹ. Iṣẹ́ náà a máa pẹ́, owó rẹ̀ kò sì kéré, ṣùgbọ́n olówó ọkọ̀ yóò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Bí ó bá ra tọ́kunbọ̀ ní ọjà Ládípọ̀ ní Mushin, yóò tètè gun ọkọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún un bí àwọn tí ó kọ́kọ́ ni ẹ́ńjìnnì náà ti lò ó? Yóò sì ní láti tún ìwé ọkọ̀ ṣe, nítorí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wà nínú rẹ̀. Bí àpótí irin tí ó gbé gbogbo rẹ̀ ró bá ti sán, pípààrọ̀ ni ọgbọ́n. Bí ó bá ṣì le koko, títúnṣe kì í ṣe àṣedànù.

Ẹnì kan wá gba bàbá náà níyànjú pé kí ó da ọ́ìlì tí ó ki sínú rẹ̀, kí èéfín àti ariwo dínkù, kí ó sì tà á fún ẹni tí kò mọ̀. Bàbá náà bi í pé, “Bí ó bá kú lórí Afárá Carter lóru ńkọ́, tí ọmọ ọlọ́mọ wà nínú rẹ̀?” Ó ní kí wọ́n tú u wò. Àpótí irin náà kò sán, ó sì tún un ṣe.

Má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ nìkan ni èyí. Ní Ìta Fàájì kan náà, ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé alájà kan wó lulẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé sì wà nínú rẹ̀. Nǹkan bí 20 ènìyàn ni ó kú. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba sọ pé àwọn ti sàmì sí ilé náà ṣáájú pé wíwó ni ó yẹ kí a wó o.

Nítorí náà, bí o bá rí àbùkù nínú iṣẹ́ rẹ tàbí nínú ìwà rẹ, má ṣe fi ọ̀dà kùn ún. Tú u wò kí o tó pinnu. Àwọn àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.