Ọ̀pá ìpẹja wo ni kí n ní kí wọ́n bá mi gbé bọ̀?

Ọ̀rọ̀ mi lónìí lè dà bí eré, àmọ́ kì í ṣe eré sí mi.

Àbúrò mi tó ń gbé ní Texas ń bọ̀ wálé nínú oṣù Kejìlá. Ó fi àwòrán ọ̀pá ìpẹja mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi, tàwọn ti ríìlì wọn, ìyẹn ohun roboto tó ń ká okùn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ yan èyí tó bá wù yín, àmọ́ ẹyọ kan ṣoṣo ni ẹrù mi lè gbà o." Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí ní Kofar Kware mọ̀ pé tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sọ́ńdè, etí odò ni ẹ ó ti rí mi. Ọ̀pá ọparun àti okùn náílọ́ọ̀nù ni mo ti ń lò láti ọjọ́ yìí wá.

Ẹja bass ni àbúrò mi ń pa lọ́hùn-ún. Ẹja Amẹ́ríkà ni, kò sí nínú odò tiwa. Ó máa ń lúgọ sábẹ́ koríko àti igi tó wó sómi, ìdí nìyẹn tí ọ̀pá wọn fi máa ń le, kí wọ́n lè tètè fà á jáde kó tó wé okùn mọ́ igi. Tiwa ńkọ́? Nínú odò Rima tó gba ọ̀dọ̀ àwọn ará Kwalkwalawa kọjá, àti nínú adágún Kware, àrọ̀ àti epìyà ni mo máa ń rí jù. Èyí tó jọ bass nínú ẹja tiwa ni giwan ruwa, tí àwọn Haúsá ń pè ní erin omi. Ẹnu rẹ̀ tóbi, ẹja ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sì ń jẹ.

Àwọn kan á ní, ṣebí wọ́n ń pa giwan ruwa ní Argungu láìsí ríìlì? Òótọ́ ni. Láti 1934, nígbà tí Sultan Hassan ti Sókótó lọ kí wọn níbẹ̀, ni ọdún ẹja yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Ní 2016, UNESCO fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn àṣà tí gbogbo ayé mọ rírì wọn. Àwọ̀n ọwọ́ àti akèrègbè ni wọ́n ń gbé wọ omi. Ṣùgbọ́n inú omi ni àwọn yẹn ń wọ̀, èmi orí ilẹ̀ ni mò ń dúró sí. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́.

Ẹ jẹ́ ká wo àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wàyí. Ti àkọ́kọ́, orí ọ̀pá ni ríìlì rẹ̀ jókòó sí. Ó dára fún ẹni tó mọ̀ ọ́n lò, ó máa ń ju ìjẹ síbi téèyàn fojú sùn gan-an. Àmọ́ àtàńpàkò lo fi ń dá a dúró. Tí ọwọ́ bá ṣe díẹ̀ báyìí, okùn á lọ́ pọ̀ bí ìtẹ́ ẹyẹ. Ẹlẹ́ẹ̀kejì gùn, ó nípọn, ẹja ńlá inú òkun ló tọ́ sí. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta gùn ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àtààbọ̀, abẹ́ ọ̀pá ni ríìlì rẹ̀ ń so rọ̀ sí, fiberglass ni wọ́n fi ṣe é. Ó wúwo díẹ̀ ju ti graphite lọ, àmọ́ ó ń tẹ̀, kì í tètè ṣẹ́ tó bá kọlu òkúta.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í wò. Wọ́n máa ń kọ nọ́ńbà sára ọ̀pá, lókè ibi tí à ń dì mú: bí okùn tó yẹ ẹ́ ṣe gbọ́dọ̀ lágbára tó, àti bí ìjẹ ṣe gbọ́dọ̀ wúwo tó. Tí ríìlì bá tóbi ju ọ̀pá lọ, ọwọ́ á ro ẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Fi ìka kan gbé ọ̀pá níwájú ríìlì díẹ̀. Tó bá dúró gbọọrọ láìtẹ̀ síbì kan, wọ́n bára wọn mu nìyẹn.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni mo yàn. Kì í ṣe nítorí ẹja nìkan o.

Àbíkẹ́yìn mi jẹ́ ọmọ ọdún 12, Sókótó la bí i sí. Tí mo bá sọ Yorùbá sí i nílé, Haúsá ló fi ń dá mi lóhùn. Ìyá rẹ̀ bá a wí títí, ó sú u. Àmọ́ létí odò, èmi àti ẹ̀ nìkan ni. Ibẹ̀ ló ti mọ ìwọ̀, ìjẹ, ekòló, ìpẹ́. Lóṣù tó kọjá, nǹkan ńlá kan fa okùn wa lọ, ọmọ yìí figbe ta: "Baba, ó ti já o! Ó ti gbé ìwọ̀ wa lọ!" Kò tiẹ̀ mọ̀ pé Yorùbá lòun sọ. Inú mi dùn ju bí ẹni pé a rí ẹja ọ̀hún pa lọ.

Ní 1932, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ George Perry pa bass tó lé ní kìlógíráàmù 10 ní Georgia, kò sì tíì sẹ́ni tó fi bẹ́ẹ̀ ju ti rẹ̀ lọ títí dòní. Ìtàn sọ pé ọ̀pá kan ṣoṣo ni òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ ń lò lọ́jọ́ náà, wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn. Ọ̀pá tèmi náà, èmi àti ọmọ mi la ó jọ máa lò ó. Tí ọwọ́ rẹ̀ ò bá ká a, kí ni mo fẹ́ fi ṣe?

Ẹ̀yin òbí, kò pọn dandan kó jẹ́ ẹja. Ó lè jẹ́ oko, ó lè jẹ́ ọ̀ṣọ́ ilé. Ẹ ṣáà wá iṣẹ́ kan tí ẹ̀yin àti ọmọ yín á jọ máa ṣe, tí ọwọ́ rẹ̀ á ká, kẹ́ ẹ sì máa fi èdè wa sọ ọ́. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹnu ọmọ fúnra rẹ̀ ni yóò gbé e jáde.

Ire o.