Bébà Tí Mo Tà Fún Ìyá Elépà

Ẹ má bínú pé ẹjọ́ ara mi ni mo wá rò lójú ògiri lọ́sẹ̀ yìí. Èmi ni mo jẹ̀bi, kò sí ẹlòmíì níbẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, lẹ́yìn tí bàbá wa àgbà kú, wọ́n ní kí n lọ gbá yàrá wọn. Mo bá àpò kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, bébà ló kún inú rẹ̀. Bàbá bá àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, torí náà mo rò pé ìwé iṣẹ́ lásán ni. Mo rí i pé wọ́n fi pẹ́ńsùlù ya odò, wọ́n ya igi, wọ́n ya afárá. Ṣùgbọ́n kò sí àwọ̀ kankan lára rẹ̀, bébà náà sì ti pọ́n bí ewé gbígbẹ. Mo gbé àpò lọ bá ìyá elépà tó wà ní ìkóríta wa. Wọ́n fún mi ní ₦500. Mo fi ra dátà. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, dátà ti tán.

N kò rántí ọ̀rọ̀ náà mọ́ títí di táàmù kejì, nígbà tí olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní iṣẹ́ ọnà yá mi ní ìwé ògbólógbòó kan. Àwòrán tí wọ́n ń tà ní gbànjo ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amsterdam ló wà nínú rẹ̀. Tí wọ́n bá ní gbànjo lọ́dọ̀ tiwa, ọjà tó wálẹ̀ ló máa ń wá sí wa lọ́kàn. Tiwọn kò rí bẹ́ẹ̀, òkè ni owó ń lọ. Wọ́n á fún àwòrán kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, wọ́n á kọ iye tí wọ́n rò pé ó lè pa. Ẹni tó ni ín á bá wọn sọ iye tí òun ò ní tà sísàlẹ̀ rẹ̀. Lọ́jọ́ ọjà, ẹni kan á dá iye kan, ẹlòmíì á lé e. Tí kò bá sí ẹni tó tún lè lé e mọ́, onígbànjo á fi òòlù kékeré lu tábìlì, ọ̀rọ̀ parí.

Àwòrán inú ìwé yẹn gan-an ló yà mí lẹ́nu. Iṣẹ́ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jan van Goyen ni mo kọ́kọ́ rí. Ilẹ̀ Holland tẹ́jú bí àtẹ́lẹwọ́, ojú ọ̀run ló sì gba èyí tó pọ̀ jù nínú bébà. Nísàlẹ̀, ọkọ̀ ojú omi kan, èèyàn méjì mẹ́ta, ṣọ́ọ̀ṣì kan lọ́ọ̀ọ́kán. Ṣọ́ọ̀kì dúdú ló fi yà á. Ó tán. Mo ní, “Mà, èyí ò yàtọ̀ sí ti bàbá wa àgbà.” Wọ́n wojú mi, wọ́n ní, “Níbo ni ti bàbá yín wà?” Àyà mi já. N kò lè dáhùn.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ka ìwé náà bí ẹni ń wá ohun tó sọnù. Mo kọ́kọ́ rò pé àwọn tó ya nǹkan wọ̀nyí jẹ owó ńlá. Irọ́ o! Van Goyen ya àwòrán tó lé ní ọgọ́rùn-ún lọ́nà púpọ̀, síbẹ̀ ó fi owó ṣòwò túlípù, ọjà túlípù dà wó ní 1637, ó sì jẹ gbèsè kú ní ìlú The Hague ní 1656. Ní 1656 yẹn kan náà ni gbèsè bo Rembrandt mọ́lẹ̀ ní Amsterdam. Ó ti ra ilé ńlá kan ní 1639 ní 13,000 gulden, kò sì rí owó rẹ̀ san tán. Wọ́n wọlé, wọ́n kọ ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ láti yàrá dé yàrá. Lára ohun tí wọ́n kọ ni ìwé kan tó kún fún àwòrán ilẹ̀ àti odò tí Rembrandt fojú ara rẹ̀ wò kó tó yà á. Nígbà tí wọ́n ta àwọn bébà tó kó jọ ní gbànjo ní 1658, tiẹ̀ àti ti ẹlòmíì, nǹkan bíi 600 gulden ni gbogbo rẹ̀ pa. Kò tó ìdá kan nínú ogún owó tó fi ra ilé rẹ̀.

Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ já sí. Ọmọ ọ̀kan nínú àwọn tí Rembrandt kọ́ níṣẹ́, Nicolaes Flinck, ń kó irú bébà bẹ́ẹ̀ jọ, ó sì máa ń tẹ òǹtẹ̀ F kékeré sí igun wọn. Ní 1723, ó ta púpọ̀ nínú wọn fún ìjòyè kan ní Gẹ̀ẹ́sì, Duke ti Devonshire. Wọ́n wà lọ́wọ́ ìdílé yẹn fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Nígbà tó yá, Duke tó wà lórí oyè fẹ́ ta àwòrán 71 nínú èyí tí ìdílé náà kó jọ. Ti Raphael wà níbẹ̀, ti Rembrandt náà wà níbẹ̀. Ó fi lọ British Museum ní mílíọ̀nù 5.5 pọ́n-ùn. Wọ́n ní mílíọ̀nù 5.25 làwọn máa san. Wọ́n náà á títí, ọ̀rọ̀ ò wọ̀. Ni wọ́n bá gbé e lọ sí gbànjo ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1984, ó pa ju mílíọ̀nù 20 lọ! Mo ka ibẹ̀ fún màmá mi. Wọ́n ní, “Bí a ṣe ń náà ọjà tí ẹlòmíì fi ń gbé e lọ nìyẹn.”

Ṣùgbọ́n kì í ṣe owó yẹn ló dùn mí. Ohun tó dùn mí ni òǹtẹ̀ F yẹn. Bébà lè jóná, omi lè bà á jẹ́, wọ́n lè fi di ẹ̀pà. Èyí tó bá yè, ẹnìkan ló mú un, tó sì kọ ohun kan sí i kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ọwọ́ tó ti gbà kọjá. Ará Holland kan wà tó ń jẹ́ Frits Lugt. Ọmọ ọdún 15 ni nígbà tó kọ ìtàn ìgbésí ayé Rembrandt, ìyẹn ni pé mo ti fi ọdún kan jù ú lọ báyìí. Nígbà tó dàgbà, ó fi ẹsẹ̀ rìn yí Amsterdam ká, ó ń wá ibi tí Rembrandt dúró sí kó tó ya odò yìí, kó tó ya ọ̀nà yẹn. Ó kọ ìwé nípa ìrìn náà ní 1915. Ní 1921 ó tún gbé ìwé mìíràn jáde tó kó òǹtẹ̀ àwọn tó ń ra àwòrán jọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà tiẹ̀. Títí dòní, nọ́ńbà Lugt ni àwọn onígbànjo ń kọ sábẹ́ àwòrán.

Mo padà lọ bá ìyá elépà. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ọmọ mi, a ti di èyí tó fẹ́lẹ́ tán. Àwọn kan ló nípọn jù, wọn kì í ṣeé ká.” Wọ́n gbé àtẹ ẹ̀pà sókè. Mẹ́rin ló wà lábẹ́ rẹ̀. Òróró ti kan méjì.

Mo mú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí a ń pè ní Màmá Ìbarà. Wọ́n wọ awò ojú wọn. “Yéè! Lafẹnwá nìyí o. Bàbá wa máa ń mú mi lọ síbẹ̀ ní Sátidé, kí n tó wọ gírámà. Wọ́n á ní kí n má mira, wọ́n á máa yàwòrán.” Wọ́n fi ìka kan ohun kékeré kan lẹ́bàá odò, tí mo ti rò pé òkúta ni. Àwọn fúnra wọn ni, wọ́n jókòó.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí a jáde iléèwé, mo dé Lafẹnwá. Mo ń rìn sókè sódò títí afárá fi dúró gẹ́lẹ́ bó ṣe dúró nínú bébà. Igi ti lọ. Ṣọ́ọ̀bù ló wà níbẹ̀.

N kò sọ pé Rembrandt ni bàbá wa àgbà o. Kò sí ẹni tó máa lu òòlù fún wọn ní Lọ́ńdọ̀nù. Ṣùgbọ́n mo ti kọ orúkọ wọn sẹ́yìn bébà kọ̀ọ̀kan, mo kọ Lafẹnwá, mo kọ orúkọ Màmá Ìbarà sí èyí tí wọ́n wà nínú rẹ̀. Pẹ́ńsùlù ni mo fi kọ ọ́, torí báírò máa ń là sí òdìkejì. Mo kó wọn sínú fáìlì níbi tí oòrùn ò dé.

Àwọn yòókù ńkọ́? Ẹni tó bá jẹ ẹ̀pà ní ìkóríta wa lọ́dún tó kọjá, ó ṣeé ṣe kó ti sọ odò Ògùn sí gọ́tà. Tí ẹ bá rí bébà tó ti pọ́n, tí wọ́n fi pẹ́ńsùlù ya odò tàbí igi sí lára, bóyá ẹ tiẹ̀ fi bo ìwé yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú un wá bá mi ní kíláàsì SS2. Máa fi ẹ̀pà ₦200 gbà á lọ́wọ́ yín.