Awò Wo Ni Kí A Fi Sí Ojú Ẹ̀gbọ́n Wa?



Ọ̀ràn kan dé bá agbo ilé wa ní Ṣágámù, ó sì mú kí ẹbí jókòó ìpàdé nígbà mẹ́ta. Nítorí mo mọ̀ pé ìwọ̀nba ilé ni kò ní àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ ń ṣú, mo rò pé ó tọ́ kí n kọ ohun tí a bá pàdé níbẹ̀ sínú ìwé ìròyìn yìí.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ti di ẹni ọdún 68, obì gbànja ni ó sì ń tà láti ìgbà èwe rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọjà obì ní Ṣágámù kò ní ṣàì mọ̀ pé ojú ni a fi ń ṣe iṣẹ́ náà. Ihò tí kòkòrò lu sára obì kéré púpọ̀, bí èyí tí kòkòrò ti wọ̀ bá sì bọ́ sínú agbọ̀n, yóò ba àwọn tí ó kù jẹ́. Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, a rí i pé àtàǹpàkò ni ó fi ń yẹ obì wò. Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀, ó kúnlẹ̀ kí ọwọ̀n ilé ìsìn kan, ó rò pé àlùfáà ni. Kò sí ẹni tí ó lè rẹ́rìn-ín nínú wa.

Kátáráàtì ni àwọn oníṣègùn pe àrùn náà. Ọlọ́run dá awò kékeré kan sí ẹ̀yìn ọmọlójú, tí ó mọ́ gaara. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti kó ìmọ́lẹ̀ jọ sórí awọ tí ó wà ní ẹ̀yìn ẹyinjú nínú lọ́hùn-ún. Bí ọjọ́ ogbó ti ń dé, awò náà a máa dà bí omi tí a fi ṣan ìrẹsì. Ìwádìí tí a ṣe káàkiri Nàìjíríà láti 2005 sí 2007 fi hàn pé òun ni ó fa ohun tí ó ju ìdá méjì nínú márùn-ún ìfọ́jú àwọn tí wọ́n ti pé ẹni 40 ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àna ẹ̀gbọ́n mi kan mú ìmọ̀ràn wá pé òun mọ ẹnìkan tí ń lọ láti ìlú dé ìlú, tí ń fi abẹ́rẹ́ ti awò tí ó ti bàjẹ́ náà ṣubú sínú ojú, tí aláìsàn yóò sì ríran lójú ẹsẹ̀. Òótọ́ ni pé ìmọ́lẹ̀ yóò wọlé. Ìwádìí tí mo wí lókè yìí tilẹ̀ rí i pé nínú ojú mẹ́wàá tí a ti tọ́jú nítorí kátáráàtì, ó ju mẹ́rin lọ tí ó jẹ́ pé abẹ́rẹ́ yìí ni a fi ṣe é. Ṣùgbọ́n kò sí awò kankan tí ó rọ́pò èyí tí a tì ṣubú. Ẹni náà yóò rí ènìyàn gẹ́gẹ́ bí afọ́jú Bẹtisaida ti rí wọn ní ìgbà àkọ́kọ́, kò sì ní sí ìgbà kejì fún un. Lẹ́yìn èyí, ojú a máa wú, a máa kẹ̀, òmíràn a sì fọ́ pátápátá. Ní Ṣágámù kan náà tí a ní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ! Mo dìde, mo ní irú èyí kì yóò ṣẹlẹ̀ níṣojú mi.

Ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní London ní tirẹ̀ ránṣẹ́ pé awò tí ó dára jùlọ ni kí a rà fún ìyá òun, èyí tí ń rí ọ̀nà jíjìn, tí ń rí ìwọ̀n apá, tí ó sì ń rí ìwé kíkà, kí ó má bàa lo awò ojú mọ́ láéláé. Òun ni yóò san owó rẹ̀. Ta ni kò ní yọ̀ sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀?

Ìtàn awò àtọwọ́dá yìí kan ilẹ̀ wa díẹ̀. Dókítà Harold Ridley, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣiṣẹ́ ní Gold Coast, tí a ń pè ní Ghana lónìí, nígbà ogun àgbáyé kejì, ó sì tẹ ìwé jáde ní 1945 lórí àrùn ojú tí kòkòrò etí odò ń fà níbẹ̀. Ó tún ṣàkíyèsí pé nígbà tí èérún ìbòrí ike ọkọ̀ òfuurufú bá wọ ojú àwọn awakọ̀ ogun, ojú a máa gbà á láìwú. Ní ọjọ́ 29 oṣù November, 1949, ní ilé ìwòsàn St Thomas' ní London, ó fi awò ike sí ojú obìnrin ẹni ọdún 45 kan. Awò náà bá ojú lára mu, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ pọ̀ jù: ohun tí ó súnmọ́ ojú gidigidi nìkan ni obìnrin náà lè rí kedere láìlo awò mìíràn. Ẹ kíyèsí i pé láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni ìbéèrè yìí ti wà nílẹ̀: ibo ni kí a dá ìríran náà sí? Ọ̀pọ̀ oníṣègùn ńlá ta ko Ridley fún ọdún pípẹ́. Ní 2000 ni a tó fi oyè dá a lọ́lá. Ní Madurai ní ilẹ̀ Índíà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe awò náà ní 1992 ní owó pọ́ọ́kú, èyí sì jẹ́ kí tálákà káàkiri ayé lè ní in.

Awò tí Ọlọ́run dá a máa ki, a sì máa tẹ́, gẹ́gẹ́ bí ohun tí a ń wò bá ti súnmọ́ tàbí jìnnà. Nígbà tí a bá ti ń súnmọ́ ẹni ọdún 45, ó ti le. Àwa akọ̀wé mọ̀ ọ́n dáadáa: à ń na ìwé jìnnà títí ọwọ́ kò fi tó mọ́. Awò ike lásán kì í yí padà. Ibi kan ṣoṣo ni ó ń rí kedere. Nítorínáà ni àwọn ọlọ́gbọ́n fi ya òrùka wẹ́wẹ́ sára òmíràn, ọ̀kan nínú èkejì, bí èyí tí omi ń ṣe nígbà tí a sọ òkúta sínú rẹ̀. Òrùka wọ̀nyí a pín ìmọ́lẹ̀: apá kan lọ sí ọ̀nà jíjìn, apá kan sí ìtòsí, àti nínú èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, apá kan sí àárín. Ọpọlọ a wá kọ́ láti mú àwòrán tí ó hàn, kí ó sì fi ìyókù sílẹ̀.

Iṣẹ́ ọgbọ́n ni, n kò sì ní tàbùkù rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a ti ń pín ohun kan, bẹ́ẹ̀ ni ìpín olúkúlùkù ń kéré. Nínú irú èyí tí ń pín in sí méjì, bí ìdá kan nínú márùn-ún ìmọ́lẹ̀ náà ni ó ń ṣòfò láìwúlò fún ìhà kankan. Ní alẹ́, àwọn kan a máa rí òrùka yí iná mọ́tò ká, ohun tí kò sì hàn ketekete nínú òkùnkùn yóò túbọ̀ fara sin. Bí ó bá jẹ́ awakọ̀ tí ń gba ọ̀nà Ìkẹ́nnẹ́ lóru ni, n óò gbà á nímọ̀ràn kí ó ro ó lẹ́ẹ̀mejì.

Dókítà tí a lọ bá kò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ owó. Ó ní, "Màmá, kí ni ẹ ń fi ojú yín ṣe láti òwúrọ̀ di alẹ́?" Ẹ̀gbọ́n mi dáhùn pé, "Ẹsẹ̀ mi mọ ọ̀nà ọjà, ọmọ mi. Obì ni mo fẹ́ rí." Lẹ́yìn tí dókítà ti wọn ojú rẹ̀ tán, ó sọ fún wa pé omi inú ojú náà ní agbára jù, ó sì ti ń ba okùn tí ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ jẹ́. Glaucoma ni èyí, ó sì wọ́pọ̀ láàárín àwa ènìyàn dúdú. Ojú tí okùn rẹ̀ ti ń bàjẹ́, ni ó wí, nílò gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí ó bá lè rí gbà. Òun kì yóò fi awò tí ń pín ìmọ́lẹ̀ sí i.

Ọmọ London bínú díẹ̀. "Bàbá Tíṣà, ṣé nítorí owó ni?" Mo ṣàlàyé fún un bí mo ti ṣàlàyé fún yín yìí, ó sì gbà. Awò lásán ni a fi sí ojú ọ̀tún, a dá a sí ìwọ̀n apá, ibi tí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ń gbé obì dé. Bí ó bá fẹ́ rí pẹpẹ tàbí ẹni tí ń bọ̀ lókèèrè, yóò wọ awò ojú.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ni ó padà sí ìsọ̀, ó sì dá obì 17 padà fún ẹni tí ó tà á fún un. Owó tí ó ṣẹ́kù wà lọ́wọ́ mi fún ojú òsì, àti fún oògùn tí yóò máa kán sójú títí ayé. Dókítà fẹ́ kí a dá ojú òsì náà sí ọ̀nà jíjìn díẹ̀, kí méjèèjì lè máa ran ara wọn lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò tíì gbà; ó ní kí ni òun ń wá lọ́nà jíjìn.