Ọmọ Anoumabo Padà sí Ìdí Ìwé

Abúlé àwọn Ébrié ni Anoumabo tẹ́lẹ̀, kí ìlú Abidjan tó fẹ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó sì gbé e mì. Lónìí, abẹ́ Marcory ló wà: ilé fara ti ilé, èrò pọ̀, owó kò pọ̀. Ibẹ̀ ni Salif Traoré, ẹni tí ayé mọ̀ sí A'Salfo, dàgbà sí, ibẹ̀ náà sì ni ẹgbẹ́ olórin Magic System ti gbéra. Orin wọn tó gbajúmọ̀ jù lọ, "Premier Gaou", jáde ní 1999. Zouglou ni wọ́n ń pe irú orin bẹ́ẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ní Abidjan ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1990, láti fi ké gbàjarè lórí ìyà tó ń jẹ wọ́n. Orin àwọn ọ̀mọ̀wé lọ́la ni, ṣùgbọ́n ẹni tó gbé e yí ayé ká kò ti ọgbà yunifásítì wá.

Ní 2008, A'Salfo dá àjọ̀dún orin FEMUA sílẹ̀ ní àdúgbò rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìgbà tí Papa Wemba ṣubú lórí ìtàgé àjọ̀dún náà, tó sì papò dà, ní ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún 2016, ni ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ Anoumabo. Lẹ́yìn ìtàgé, iṣẹ́ mìíràn ń lọ: àjọ aláàánú Magic System ń kọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ káàkiri Côte d'Ivoire. Ní 2012, UNESCO fi A'Salfo ṣe ọ̀kan lára àwọn aṣojú rere rẹ̀. Orúkọ ti dé, owó ti dé. Síbẹ̀, àgbàlagbà olókìkí yìí lọ jókòó sórí àga akẹ́kọ̀ọ́ ní HEC Paris, ó kọ́ ìmọ̀ ìṣàkóso, ó sì gba ìwé ẹ̀rí.

Kí ni olówó àti olókìkí ń wá nídìí ìwé? Ẹni tó bá ti bá wọn kọ́ ilé ẹ̀kọ́ rí kò ní béèrè. Baálẹ̀ ni yóò fi ilẹ̀ sílẹ̀. Ìjọba ni yóò fi olùkọ́ ránṣẹ́. Bí kò bá sì fi wọ́n ránṣẹ́, ewúrẹ́ ni yóò jogún kíláàsì náà. Ilé iṣẹ́ tó fi owó sílẹ̀ yóò béèrè ìṣirò, yóò béèrè ìjábọ̀, yóò sì tún béèrè ẹ̀rí pé ìjábọ̀ náà kì í ṣe àlọ́. Ẹni tó dúró láàárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, orin kì í sì í kọ́ni ní èdè ẹlẹ́ẹ̀kẹta.

Leymah Gbowee ti Làìbéríà gba irú ọ̀nà kan náà. Ó ti bá àwọn ọmọ tí wọ́n sọ di jagunjagun ṣiṣẹ́, ó ti gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ afẹ́nifẹ́re ní Monrovia ní 2001, kó tó kó àwọn obìnrin Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì jọ ní 2003. Àwọn ni wọ́n dí ẹnu ọ̀nà yàrá ìpàdé ní Accra mọ́ àwọn tó ń fa ìjíròrò gùn. Lẹ́yìn èyí ló wá lọ sí Eastern Mennonite University ní Virginia, tó gba oyè másítà ní 2007 lórí bí a ṣe ń yí ìjà padà. Ẹ̀bùn Nobel dé ní 2011, ohun tó sì ṣe ní 2003 ló gba ẹ̀bùn náà fún un. Ìbéèrè ló gbé lọ sí kíláàsì, ìbéèrè tí ogun ti kọ́kọ́ bi í.

Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ ti dojú rú. Ní Maiduguri, níbi tí ogun Boko Haram ti kó àwọn àjọ àgbáyé jọ, ẹni tó gbọ́ Kànúrí, tó mọ àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé bí ẹní mowó, ni wọ́n ń rán sójú ọ̀nà tó léwu. Ẹni tó ní másítà láti òkè òkun ni yóò buwọ́ lu ìjábọ̀ rẹ̀, owó oṣù àwọn méjèèjì kò sì jọra. Kò sí òfin Nàìjíríà kankan tó pa á láṣẹ. Àwọn tó ni owó, ní Washington, London àti Brussels, ló ń wo ìwé ẹ̀rí kí ọkàn wọn tó balẹ̀. Ìṣèlú gidi nìyí, bí wọn kò tilẹ̀ dìbò lórí rẹ̀.

Kí òṣìṣẹ́ náà lè gba ẹnu ọ̀nà yìí kọjá, ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ló máa ń tà. Láti oṣù Kìíní ọdún 2024, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò tún gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ másítà láàyè láti mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání. Ìyá ọlọ́mọ tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mẹ́wàá ni òfin yìí dùn jù, òun gan-an tí ẹ̀kọ́ náà ì bá wúlò fún jù lọ. Ètò Chevening ṣì ń béèrè ìrírí iṣẹ́ ọdún méjì, ó sì ń pàṣẹ kí ẹni tó bá jàǹfààní rẹ̀ padà sílé fún ọdún méjì ó kéré tán. Ìlànà tó mọ́gbọ́n dání nìyẹn, àmọ́ ìwọ̀nba ènìyàn ló lè gbà. Lẹ́yìn náà ni 2025 dé. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kìíní, Amẹ́ríkà dá ìrànwọ́ rẹ̀ sí ilẹ̀ òkèèrè dúró. Nígbà tó fi di ọjọ́ kìíní oṣù Keje, USAID ti kógbá sílé. Àwọn tó fi gbèsè gba másítà délé, wọn kò bá tábìlì tí wọn ì bá jókòó sí.

Ṣé kí wọ́n má kàwé mọ́ ni? Rárá. Yunifásítì Ìbàdàn ń kọ́ni ní ìmọ̀ àlàáfíà àti ìjà dé ipele másítà. Ní Cocody, tí kò jìnnà sí Anoumabo, CERAP, ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà Jésúìtì, ń fúnni ní oyè másítà lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ìdààmú ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni èdè Faransé, àfi àwọn ará Èjìgbò, tí Abidjan ti di ilé kejì fún láti ìgbà àwọn bàbá wọn. Ìlànà ECOWAS ti ọdún 1979 gbà wọ́n láàyè láti wọ ìlú náà láìgba físà fún 90 ọjọ́. Ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò gba ìwé ìgbélùú. Bọ́ọ̀sì ń gbéra láti Èjìgbò, ó ń gba Cotonou, Lomé àti Accra kọjá, ẹrù ọjà ló sì máa ń kún inú rẹ̀.