Òkun Nínú Pálọ̀

Àǹtí Bọ́lá ń sin ẹja àrọ̀ ní Ìkòròdú, kò sì gbé ibòmíràn rí. Ṣọlá, àbúrò rẹ̀, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Manchester ni.

ÀǸTÍ BỌ́LÁ: Ṣọlá, Màmá ní ẹja lo kó gbogbo owó rẹ lé lórí níbẹ̀ yẹn. Mo ní irọ́ ni. Ẹja kì í jẹ èèyàn lówó, òun ló yẹ kó pa owó wálé.

ṢỌLÁ: Màmá ò purọ́, Àǹtí. Àmọ́ ẹja gan-an kọ́ ló gba owó náà. Táǹkì gíláàsì kan ni, inú pálọ̀ ló wà. Omi iyọ̀, òkúta àti iyùn ààyè ló kún inú rẹ̀. Ó pẹ́ tó jẹ́ pé ẹja méjì péré ló wà níbẹ̀.

ÀǸTÍ BỌ́LÁ: Méjì! Ṣé wọ́n tiẹ̀ kún ìkòkò ọbẹ̀?

ṢỌLÁ: Wọn ò gùn tó ìka ọwọ́ yín. Ẹ rántí ẹja aláwọ̀ ọsàn tó ní ilà funfun nínú fíìmù Nemo, èyí tó jáde ní 2003? Irú rẹ̀ ni. Akọ ni gbogbo wọn máa ń jẹ́ láti kékeré. Èyí tó bá lágbára jù láàárín wọn ló ń di abo, bí abo yẹn bá sì kú, ọkọ rẹ̀ ló máa di abo.

ÀǸTÍ BỌ́LÁ: Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí àwọn àrọ̀ mi gbọ́. Kí ló wá gba owó?

ṢỌLÁ: Omi ni. Omi ẹ̀rọ ìlú ní kẹ́míkà tí wọ́n fi ń pa kòkòrò nínú, ó sì tún ní àwọn èròjà tí ọbẹdò fẹ́ràn. Ẹ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ sẹ́ ẹ títí tí kò fi ní ku nǹkan kan níbẹ̀ àfi omi.

ÀǸTÍ BỌ́LÁ: Ìyẹn kì í ṣe píọ̀ wọ́tà?

ṢỌLÁ: Ó mọ́ ju píọ̀ wọ́tà lọ dáadáa. Lẹ́yìn náà lẹ óò wá po iyọ̀ sí i. Kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ o. Iyọ̀ alápò tí wọ́n ti po kálísíọ́mù, magnẹ́síọ́mù àtàwọn yòókù mọ́ ni, kó lè rí bíi ti òkun: bíi gíráàmù 35 sí lítà omi kan.

ÀǸTÍ BỌ́LÁ: O yọ gbogbo nǹkan kúrò nínú omi, o tún fowó ra nǹkan dà sí i padà. Ṣé kò sí òkun ní ìlú òyìnbó ni?

ṢỌLÁ: Kò sí ní Manchester. Ìyá ọlọ́lá kan tí wọ́n ń pè ní Anna Thynne ti gbìyànjú ohun tí ẹ ń sọ yẹn. Ní 1846, ó kó iyùn ààyè láti Torquay létí òkun lọ sí ilé rẹ̀ ní London. Omi òkun tó gbé wá ò pọ̀, ó sì ń bàjẹ́. Ló bá ní kí ọmọ ọ̀dọ̀ máa da omi náà láti inú ìkòkò kan sí òmíràn níwájú fèrèsé tó ṣí sílẹ̀, ó máa ń tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí afẹ́fẹ́ lè wọ inú rẹ̀. Àwọn iyùn náà sì yè é.

ÀǸTÍ BỌ́LÁ: Ọmọ ọ̀dọ̀ ló gbé omi, ọ̀gá ló gba orúkọ. Máa sọ tìẹ.

ṢỌLÁ: Ẹni tó ta táǹkì fún mi ní kí n kó ẹja sí i lọ́jọ́ kejì. Mo kó wọn sí i. Kò pẹ́ tí wọ́n fi gòkè wá sí ojú omi, wọ́n ń la ẹnu...

ÀǸTÍ BỌ́LÁ: Amóníà.

ṢỌLÁ: Ta ló sọ fún yín?

ÀǸTÍ BỌ́LÁ: Ta ni ì bá sọ fún mi? Bí mo bá dé pọ́ńdì láàárọ̀, tí ẹja kọ oúnjẹ, tí omi ń ta mí nímú, kí ni kí n pè é?

ṢỌLÁ: Òun náà ni. Ṣé ẹ rí i, àrọ̀ yín ní ohun tó fi ń gba afẹ́fẹ́ lókè omi, ìyà díẹ̀ ò tètè pa á. Tèmi ò ní in. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù ló ń di amóníà. Bakitéríà kan á sọ ọ́ di náítíráìtì, èyí tó ṣì lè pa ẹja. Òmíràn á sọ ìyẹn di náítíréètì, tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Inú táǹkì tuntun ò ní wọn tó, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ máa ń fọ ògiri pọ́ńdì?

ÀǸTÍ BỌ́LÁ: Ìsàlẹ̀ ni mò ń gbo. Èyí tó ń yọ̀ lára ògiri yẹn, n kì í fọwọ́ kàn án. Ọmọ tó ń bá mi ṣiṣẹ́ fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní nígbà kan, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn.

ṢỌLÁ: Ilé bakitéríà ló fọ̀ dànù. Inú ihò òkúta ni tèmi ń gbé. Alaalẹ́ ni mo máa ń bu omi táǹkì sínú ìgò kékeré kan, màá kán oògùn ìdánwò sí i, màá mì ín, màá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ káàdì aláwọ̀. Bó bá pọ́n rúsúrúsú, amóníà ti tán. Bó bá di àwọ̀ ewé, ó kù. Àwọ̀ ewé, àwọ̀ ewé, títí ó fi sú mi.

ÀǸTÍ BỌ́LÁ: Èmi, bí omi bá ti bàjẹ́, màá ṣí ihò, màá da gbogbo rẹ̀ nù, màá sì fa tuntun láti bohóòlù. Ó parí.

ṢỌLÁ: Àrọ̀ á fara dà á. Iyùn ò ní fara dà á. Díẹ̀díẹ̀ ni mò ń pààrọ̀ tèmi, ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ́sẹ̀. Àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí fẹ́ kí kálísíọ́mù wà ní bíi mílígíráàmù 420 sí lítà omi kan, àmọ́ ẹni tó wà ní 390 tí kò yẹsẹ̀ máa ń rí iyùn rẹ̀ gbé ṣe ju ẹni tó ń sáré lé 420 lónìí, tó tún já bọ́ lọ́la. Àyípadà òjijì ló ń pa wọ́n. Bẹ́ẹ̀ náà ni iyọ̀. Omi ń fà lọ láti ojú táǹkì lójoojúmọ́, ẹni tí kò mọ̀ á tún bu omi iyọ̀ dí i. Iyọ̀ kì í sì í fà lọ.

ÀǸTÍ BỌ́LÁ: Bí ọbẹ̀ tó pẹ́ lórí iná.

ṢỌLÁ: Gẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀. Omi tí kò níyọ̀ ló yẹ kí á fi dí i.

ÀǸTÍ BỌ́LÁ: Nígbà tí amóníà wá tán, ara rọ̀ ọ́?

ṢỌLÁ: Ibo! Ìgbà yẹn ni ọbẹdò dé. Èyí tó kọ́kọ́ dé dàbí eruku, ó bo iyanrìn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni aláwọ̀ ewé tó gùn bí irun, tí ẹ fà tu láàárọ̀ tó tún hù lálẹ́. Mo ra ìsáwùrú òkun kí wọ́n máa jẹ ẹ́. Ni mo bá ń gbọ́ pó, pó, nínú táǹkì lóru. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ìsáwùrú kan ti kú, ìkarahun rẹ̀ fọ́ síbẹ̀.

ÀǸTÍ BỌ́LÁ: Ẹ̀rù ò bà ọ́?

ṢỌLÁ: Ó bà mí. Ẹ̀dá kan tó jọ edé ló bá òkúta wọlé láti òkun, apá iwájú rẹ̀ ló fi ń gbá ìkarahun fọ́. Mo gbé òkúta náà jáde, mo da omi onígáàsì tí kò ládùn sínú ihò rẹ̀, ló bá sáré jáde.

ÀǸTÍ BỌ́LÁ: Gbogbo wàhálà yìí! Ṣé o kò lè se òkúta náà lórí iná, kí ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀ kú?

ṢỌLÁ: Háà, Àǹtí, ẹ má dán an wò láyé! Oró kan wà tí wọ́n ń pè ní palytoxin, ara àwọn mọ̀lẹ́bí iyùn kan ló wà. Bí ẹ bá se òkúta tí wọ́n hù sí, ooru rẹ̀ á gba imú wọlé. Ní 2018, ìdílé kan ní Oxfordshire dèrò ilé ìwòsàn nítorí pé wọ́n ń fọ táǹkì.

ÀǸTÍ BỌ́LÁ: Mọ̀lẹ́bí iyùn? Iyùn tí mo so mọ́rùn lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi?

ṢỌLÁ: Ẹran ni iyùn. Ẹnu bíńtín, ọwọ́ wẹ́wẹ́ yí i ká, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn so pọ̀. Egungun wọn lẹ so mọ́rùn.

ÀǸTÍ BỌ́LÁ: Egungun! Má jẹ̀ẹ́ kí Màmá gbọ́ o.

ṢỌLÁ: Àmọ́ tiyín ò rí bíi tèmi. Iyùn pupa yẹn ń hù nísàlẹ̀ òkun Mẹditaréníà, nínú ihò àpáta tí ìmọ́lẹ̀ ò pọ̀. Torre del Greco, lẹ́bàá Naples ní Ítálì, ni ìlú tí òkìkí rẹ̀ kàn jù nínú fífín in. Ìmọ́lẹ̀ ni tèmi fẹ́. Ewé tí ojú lásán ò lè rí ń gbé nínú ara rẹ̀, ó ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ, ó sì ń bù fún iyùn. Bí omi bá gbóná jù, iyùn á lé ewé náà jáde, á wá funfun báláú.

ÀǸTÍ BỌ́LÁ: Ó lé ẹni tó ń bọ́ ọ jáde? Ẹran òmùgọ̀. Kò sí irú rẹ̀ lókun wa níbí?

ṢỌLÁ: Òkun wa ò gba àwọn iyùn tó ń kọ́ òkìtì. Odò ń da omi tí kò níyọ̀ àti ẹrẹ̀ sínú rẹ̀, omi tó mọ́ gaara ni wọ́n sì fẹ́.

ÀǸTÍ BỌ́LÁ: Ó dáa. Èmi fẹ́ irú táǹkì yẹn kan síbi tí àwọn oníbàárà ń jókòó.

ṢỌLÁ: Ẹ̀yin! Ó ṣeé ṣe o. Ní Manchester, híítà ni mo fi ń mú omi gbóná dé bíi dígírì 25. Níbí, ẹ̀rọ tó ń mú un tutù lẹ óò rà, inverter náà á sì wà, torí pé bí pọ́ọ̀ǹpù bá dákẹ́ pẹ́, ẹja àti iyùn ò ní rí afẹ́fẹ́ mí. Iyùn olókùúta sì wà lábẹ́ àdéhùn CITES, ìwé àṣẹ la fi ń kó o wọlé. Ti pé ẹ máa ń kánjú nìkan ló ń bà mí lẹ́rù. Oṣù àkọ́kọ́, omi àti òkúta nìkan ni yóò wà níbẹ̀.

ÀǸTÍ BỌ́LÁ: Oṣù kan gbáko tí oníbàárà á máa wo òkúta?

ṢỌLÁ: Òkúta, àti ọbẹdò.

ÀǸTÍ BỌ́LÁ: Wọ́n á ní Bọ́lá ti gbé ojúbọ sí ṣọ́ọ̀bù. Kọ iye tó máa ná mi sílẹ̀, kí n wò ó. Má kọ híítà mọ́ ọn o.