Salvador, Ìlú Etíkun Tí Òrìṣà Wà ní Gbangba

Ìbà Yemọja, ìyá tí ọmọ rẹ̀ pọ̀ bí ẹja.

Òkun àti oòrùn ni èrò ń bá lọ sí Salvador, ní ìpínlẹ̀ Bahia, ní orílẹ̀-èdè Bùràsíìlì. Àwa náà lọ, èmi àti ọmọ mi obìnrin.

Ibi tí a kọ́kọ́ lọ ni Dique do Tororó, adágún omi kan láàrin ìlú. Àwọn kan ń sáré yí i ká, àwọn mìíràn ń wa ọkọ̀. Lórí omi yẹn ni ère Òrìṣà 8 dúró sí, 4 sì wà lórí ilẹ̀. Tatti Moreno ló ṣe wọ́n, ní 1998. Ọmọ mi yìí, tó máa ń ti ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ bọ inú aṣọ tó bá ń lọ síléèwé, wò wọ́n títí. Ó ní, "Màámi, ṣé gbangba báyìí ni?" Mo ní gbangba ni. Ló bá fa ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ síta.

Kò ṣàdédé rí bẹ́ẹ̀ o. Títí di 1976, ilé Òrìṣà ní Bahia gbọ́dọ̀ gbàwé lọ́wọ́ ọlọ́pàá kí wọ́n tó ṣọdún. Àwọn ìyá ibẹ̀ ò torí ìyẹn jáwọ́.

Lífítì Lacerda, tó ti wà láti 1873, ló gbé wa láti òkè ìlú sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀. Nítòsí ibẹ̀ lẹ ti lè wọkọ̀ ojú omi lọ sí erékùṣù Itaparica, níbi tí wọ́n ti ń bọ Egúngún títí dòní. Ebi pa wá, a ra acarajé lọ́wọ́ ìyá aláṣọ funfun kan. Àkàrà wa ni jàre! Epo pupa ni wọ́n fi dín in, wọ́n là á, wọ́n ki edé àti ata sí i. Oúnjẹ Ọya ni lọ́hùn-ún náà. Nírọ̀lẹ́, a lọ wẹ̀ ní Porto da Barra, níbi tí omi ti rọlẹ̀, a sì wo bí oòrùn ṣe ń wọ̀ sínú omi.

Ọjọ́ 2 oṣù Fẹ́búárì ni ọdún Yemọja ní Rio Vermelho. Kílẹ̀ tó mọ́, èrò ti tò síwájú ilé àwọn apẹja, tàwọn ti òdòdó lọ́wọ́. Nígbà tó dìrọ̀lẹ́, àwọn apẹja kó apẹ̀rẹ̀ ẹ̀bùn sínú ọkọ̀, ó di ojú agbami. Tẹ́lẹ̀, ìgò lọ́fínńdà àti òòyà oníke máa ń bá a lọ. Ní báyìí, wọ́n ń bẹ èrò pé ohun tí òkun lè jẹ ni kí wọ́n gbé wá.

Ọ̀rọ̀ yẹn kàn wá nílé. Ẹ wo ọ̀rá àti ike tí à ń fi sílẹ̀ létí odò lẹ́yìn ọdún. Ṣé a lè kí Ìyá tán, ká tún da ìdọ̀tí sílé rẹ̀?

Ẹni tó bá ń lọ, kó mú aṣọ funfun dání. Ẹni tí kò lè lọ, kó kó àwọn ọmọ lọ sódò tó wà nítòsí, kí wọ́n kí Ìyá, kí wọ́n sì ṣa ọ̀rá ibẹ̀ kúrò. Ìlẹ̀kẹ̀ ọmọ mi ò padà sínú aṣọ mọ́ o.

Yemọja á gbè wá. Àṣẹ.